Káàdì Tí Jẹnẹrétọ̀ Ẹ̀yìnkùlé Màmá Lè Gbé

Bí ẹ bá bi mí léèrè ohun tí mo kọ́kọ́ kórìíra ní Kàdúná, ọyẹ́ ni màá dárúkọ. Ní abúlé wa lẹ́bàá Kàbà, ọyẹ́ a máa yà kí wa bí àlejò, a bó wa létè díẹ̀, a sì bá tirẹ̀ lọ. Ní Kàdúná, ńṣe ló wọlé, tó jókòó, tó ní ká gbé oúnjẹ wá fún òun. Oṣù Kìíní ọdún ni mo dé. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá péńpé tí ìyá mi fọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀ fún mi, mo dúró níwájú kíláàsì, mò ń gbọ̀n, eyín mi ń lu ara wọn. Ìṣirò ni mo wá kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà ń fi Haúsá bá ara wọn sọ nǹkan nípa mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mi ò sì mọ ohun tí mo lè torí ẹ̀ nà wọ́n.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni mo lọ ra bùláńkẹ́ẹ̀tì. Mo dárúkọ iye tí mo fẹ́ san, ọlọ́jà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Albarka." Mo ní àmín, mo dúpẹ́, mo ká bùláńkẹ́ẹ̀tì sábẹ́ apá. Ó rọra gbà á padà lọ́wọ́ mi. Ìgbà tí mo délé ni onílé mi ṣàlàyé fún mi pé bí wọ́n ṣe ń kọ owó tó kéré nìyẹn níbẹ̀, wọn kì í ní rárá, wọ́n á kàn súre fún ọ ni. Èmi àti ìre tí wọ́n sú fún mi la jọ sun òtútù ọjọ́ náà.

Kò tíì sí fóònù lọ́wọ́ gbogbo èèyàn nígbà yẹn. Obìnrin kan máa ń jókòó sábẹ́ agboòrùn lẹ́nu títì, tí a ó fi fóònù tirẹ̀ pe ilé. Ìyá mi á ti dúró dè mí nílé ẹnì kan tó ní fóònù lábúlé. Kì í bi mí nípa iṣẹ́, kì í bi mí bóyá mo jẹun. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní: "Ìgbà wo lò ń bọ̀?" Màá ní, "Láìpẹ́, Màmá." Láìpẹ́ yẹn ti lé ní ogún ọdún báyìí. Mo ń lọ kí i o, kò sí Kérésì tí mi ò lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó lọ kí ìyá rẹ̀ kò tíì padà sílé, ìyá mi sì mọ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀.

Ohun tó burú nínú àjò ni pé kì í jẹ́ kéèyàn mọ ọjọ́ tí òun yí padà. Ní Kàdúná, Bayarabe ni mí, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ Yorùbá nìyẹn. Bí mo bá délé, àwọn ará abúlé á ní ará Òkè Ọya ti dé, wọ́n á máa wo ọwọ́ mi bóyá mo gbé sùyà bọ̀. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan tó jẹ́ ará Ìbàdàn tún bi mí lọ́jọ́ kan bóyá Yorùbá tòótọ́ ni àwa ará Kogí. Mo dá a lóhùn. Èsì tí mo fún un kò ṣeé kọ síbí. Ó ṣì ń bí mi nínú títí di òní, nítorí lójú ara mi ni mo ti ń rí i pé mo ti di àdán, mi ò ṣeku, mi ò ṣẹyẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí n ya aláìmoore. Kàdúná fún mi ní nǹkan. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi Haúsá bá ọlọ́kadà jà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, tó sì jẹ́ pé èmi ni mo borí, mo ra mínírà tútù kan fún ara mi, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo mu ún tán. Nínú ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ni mo ti rí ìyàwó mi. Òun ni akọ̀wé, èmi ni mo máa ń pẹ́ dé, bó ṣe ń kọ orúkọ mi mọ́ àwọn tó pẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa fi wọ̀. A kọ́lé kékeré sí àdúgbò Ungwan Boro. Níbẹ̀ la bí Moyọ̀ sí, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa.

Moyọ̀ gbọ́ Yorùbá dáadáa. Bí mo bá ní kó gbé omi wá, omi á dé, ṣùgbọ́n Haúsá ni yóò bá omi náà wọlé. Ohun tó fẹ́ràn jù láyé ni géèmù. Ó ní ọ̀rẹ́ kan ní àdúgbò Malali tí bàbá rẹ̀ ra kọ̀ǹpútà géèmù sílé, ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa mọ́tò eré ìje lójú kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin kó ara wọn jọ, wọ́n ń bá àwọn ará ìlú mìíràn díje lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, òun sì ni wọ́n máa ń fi síwájú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ ló ń lò. Bí àlejò bá dé ilé yẹn, tàbí tí maigádì bá ní ọ̀gá ń sùn, ó di pé kí ọmọ mi padà sílé. Nígbà tó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, ó ní ẹ̀bùn kan ṣoṣo lòun ń fẹ́, kọ̀ǹpútà géèmù tòun.

Ọdún yẹn náà ni ìyá mi yọ̀ ṣubú lẹ́yìnkùlé, tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún kán. Wọ́n tò ó, ó jinná dé ìwọ̀n àyè kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rù àtimáa dá gbé bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Kò bi mí mọ́ pé ìgbà wo ni mò ń bọ̀. Ó ní kí n fún òun lọ́mọ. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ìyá àgbà bá ní ká fún òun lọ́mọ tí yóò máa gbé ọ̀dọ̀ òun, a ó di ẹrù ọmọ ni. Wọ́n fún ìyá bàbá tèmi náà ní èmi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje. Moyọ̀ sì ń dúró de yunifásítì, ọdún kan gbáko ló fi máa jókòó sílé. Mo ti dá ìyá mi lóhùn pé ọmọ ń bọ̀ kí n tó rántí pé mi ò tíì bi ọmọ náà léèrè.

Moyọ̀ kọ̀. Ọjọ́ kìíní, Haúsá ló fi kọ̀. Ọjọ́ kejì, Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ kẹta ló fi Yorùbá sọ ọ́ kó lè dé ibi tó fẹ́ kó dé, ó ní, "Bàbá, mi ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀." Mo bínú. Mo sọ oríṣiríṣi nípa ẹ̀jẹ̀ àti orísun, gbogbo ohun tí ẹni tó mọ̀ pé òun jẹ̀bi máa ń sọ. Ìyàwó mi ní èmi ni mo ṣèlérí, kí èmi mú un ṣẹ, ó gbé báàgì rẹ̀, ó gba ibi iṣẹ́ lọ. Mo wá ṣe ohun tí kò yẹ olùkọ́. Mo sọ fún ọmọ náà pé bó bá gbà láti lọ, màá ra kọ̀ǹpútà géèmù náà fún un. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, ó ní ká kọ́kọ́ rà á ná, òun á rò ó. Lójú tèmi, ó ti gbà nìyẹn.

Mùkáílà ló ń bá wa to ẹ̀rọ náà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Kinkinau. Mùsùlùmí ni, ọmọ Yorùbá, bàbá bàbá rẹ̀ ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, òun fúnra rẹ̀ kò sì dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Gbogbo àwọn èèyàn tó mọ̀ ọ́n ló ń sọ pé kì í kánjú tajà, pé bó ò bá ṣọ́ra, ó lè gbà ọ́ níyànjú kó o má ra nǹkan kan rárá. Àpótí ẹ̀rọ náà ti wà nílẹ̀, ohun inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ohun tó kù ni káàdì tó ń gbé àwòrán jáde sójú kọ̀ǹpútà. Moyọ̀ ti ṣàlàyé fún mi pé kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì lè ṣiṣẹ́ láìní in, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà géèmù tí kò ní káàdì gidi, mọ́tò tí kò ní ẹ́ńjìnnì ni.

Káàdì mẹ́ta ni Mùkáílà tò sórí tábìlì. Èyí tó tóbi jù gùn tó ìgbọ̀nwọ́ mi, fáànù mẹ́ta ló wà lára rẹ̀, mo gbé e wò, ó wúwo. Ó wù mí lójú ẹsẹ̀. Ẹ má bi mí nípa ohun tó ń ṣe, mi ò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó ti àjò dé kì í gbé nǹkan kékeré wọ̀lú. Ará abúlé kan kò ní mọ káàdì ńlá yàtọ̀ sí kékeré, inú àpótí ló máa wà, ojú ẹnikẹ́ni kò ní tó o, ṣùgbọ́n èmi á mọ̀. Mo gbọ́wọ́ lé e, mo ní, "Èyí ni." Mo wo Moyọ̀, mo rí i tó gbé itọ́ mì. Irú rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń lò ní Malali.

Mùkáílà kò fọwọ́ kàn án, ńṣe ló fi Haúsá ní kí n ní sùúrù ná. "Tíṣà, ku yi haƙuri," ó ní. "Níbo lẹ ti máa lò ó? Irú iná wo ló wà níbẹ̀?"

Mo ní Ungwan Boro ni, mo sì sọ ọ́ kíákíá. Ilé wa ní ínfátà, ó ní jẹnẹrétọ̀ tó lágbára. Mi ò fẹ́ kí orúkọ ibòmíràn jáde lẹ́nu mi kí ìjà wa má bàa tún bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù olóṣọ́ọ̀bù.

"Ilé Màmá ni," ni Moyọ̀ wí.

Ó wá kọjú sí Mùkáílà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó ń da Yorùbá àti Haúsá pọ̀. Ó ní iná ìjọba máa ń dé síbẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kò sì lágbára, gílóòbù kàn máa ń pọ́n ni. Màmá ò ní jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì ń gbé lẹ́yìnkùlé wọn, òun ní èyí kékeré, ó máa ń tàn án láti agogo méje sí mẹ́wàá alẹ́. Ó ti gbà kí wọ́n fa wáyà gba ojú fèrèsé wọ pálọ̀ Màmá, tí fáànù rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ àti gílóòbù rẹ̀ mẹ́rin kò bá ti ní kú. Fáànù onídùúró ni. Ó mọ gbogbo rẹ̀.

Mo bi í pé ta ló sọ fún un. Ó ní Màmá ni. Ó ti tó oṣù kan tí wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, lọ́sàn-án, nígbà tí mo bá wà ní ilé ìwé. Ó ti ní kí Màmá bá òun wo nọ́ńbà tó wà lára jẹnẹrétọ̀ náà, kóun lè mọ agbára rẹ̀. Ìyá mi kò mọ̀wé. Ó rìn lọ sí ẹ̀yìnkùlé ọ̀gá ilé ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà, ó sì ń ṣàpèjúwe nọ́ńbà fún ọmọ lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí àkọ́kọ́ rí bí ọ̀pá tó gbé orí ńlá, èkejì dà bí ìkọ́, ìkẹta jẹ́ ẹyin. Moyọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ní 950.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń pe ìyá mi, a ò tíì sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí. Ojú tì mí díẹ̀, mo sì jowú, kí n má parọ́.

"To, madalla," ni Mùkáílà wí. Ó ní ó dáa, òun náà ní irú jẹnẹrétọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wọ́ ọ jáde sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó fa wáyà wọlé, ó so fáànù onídùúró kan mọ́ ọn, ó so tẹlifíṣọ̀n àti gílóòbù mẹ́rin mọ́ ọn, ó fi káàdì ńlá sínú kọ̀ǹpútà, ó tan gbogbo rẹ̀. Eré bẹ̀rẹ̀. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Àwọn mọ́tò ń dán, òjò ń rọ̀, ò ń rí òjìji igi lára omi tó dúró sójú títì. Ibi tó ti ń yà mí lẹ́nu ni mo ti gbọ́ tí ohùn jẹnẹrétọ̀ rẹlẹ̀. Gílóòbù ṣókùnkùn. Ẹ̀rọ náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ohun gbogbo sì kú.

Káàdì kejì gbìyànjú. Ó lo bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí mọ́tò bá pọ̀ lójú eré, fáànù onídùúró á máa falẹ̀ débi tí mo fi lè ka apá rẹ̀. Mùkáílà ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ọ̀gá ilé ìwé máa já wáyà náà kúrò. Ó wá mú ìkẹta. Kékeré ni, fáànù kan ló ní, kò tiẹ̀ nílò wáyà iná tirẹ̀ lọ́tọ̀. Jẹnẹrétọ̀ gbé e bí ẹni pé wọn kò fi nǹkan kún un. Ṣùgbọ́n mọ́tò kò dán mọ́. Òjìji igi ti lọ, òkè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán rí bí èyí tí ọmọ kíláàsì kìíní yà. Mùkáílà fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún Moyọ̀ ní Haúsá pé eré tuntun tí gbogbo wọn ń sáré bọ́ sí báyìí, káàdì yìí kò lè gbé e rárá. Moyọ̀ ní òun mọ̀. Bó ṣe sọ ọ́ ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ó ti dágbére fún àwọn ọmọ Malali.

Ohun tí mo fẹ́ ti bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ìyá mi á rẹ́ni bá gbé, ọmọ mi ti gbà, mi ò sì ní láti pariwo mọ́. Ṣùgbọ́n inú mi bàjẹ́. Níbi tí mo dúró sí láàárín àwọn wáyà Mùkáílà, mo rántí ara mi níwájú kíláàsì, nínú ṣẹ́ẹ̀tì alápá péńpé. Ọmọ yìí kò tíì lo ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ rí lábúlé wa, Kérésì ló mọ̀ níbẹ̀, ìrẹsì àti ẹran. Kàdúná ni wọ́n ti bí i, ibẹ̀ ló ti ní ọ̀rẹ́, ibẹ̀ ló ti ń pa àwàdà tí àwọn èèyàn ń gbọ́. Àjò ni mò ń dì fún un, mo sì ń pè é ní ilé.

Mo ní, "O ò ní láti lọ mọ́. Ká ra ńlá yìí, kó dúró sí Ungwan Boro. Màá bá Màmá sọ̀rọ̀."

Moyọ̀ mú káàdì kékeré náà, ó fẹ́ eruku ara rẹ̀ dànù.

"Bàbá, ó ti pẹ́," ó ní. "Màmá ti ń kun yàrá. Ọwọ́ kan ni wọ́n fi ń kùn ún."

Kékeré la rà.

Ó lọ lọ́jọ́ Sátidé kan. Ìyàwó mi sunkún, èmi ń wá nǹkan kan tí kò sọnù lábẹ́ àga. Ilé wa dákẹ́ lọ́nà tí mi ò mọ̀ pé ilé tí èèyàn ń gbé lè dákẹ́, nítorí ọmọ kan kì í pariwo tó ọmọ mẹ́ta, ṣùgbọ́n tó bá lọ, gbogbo ariwo ló bá a lọ. Mo wá mọ ohun tí ìyá mi ń bá gbé látọjọ́ yìí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kẹta, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mò ń bọ́ bàtà, fóònù dún. Moyọ̀ ni. Ó ní káàdì náà ń ṣiṣẹ́, pé jẹnẹrétọ̀ kò wúkọ́ rí. Ọ̀gá ilé ìwé fúnra rẹ̀ máa ń wá wòran. Màmá máa ń jókòó tì í, ó máa ń bi í pé ọmọ ta lẹni tó wà níwájú yẹn, tó bá sì jẹ́ pé Moyọ̀ ló gbégbá orókè, á kí i kú iṣẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní òun fúnra rẹ̀ ńkọ́. Ó wá ní àwọn ọmọ àdúgbò ń pe òun ní Gàmbàrí, wọ́n máa ń ní kóun sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní òun pa àwàdà kan lánàá, ẹnì kankan kò gbọ́ ọ.

"Baba," ó ní, "don Allah, ka yi mini Haúsá."

Kí n jọ̀wọ́ sọ Haúsá fún òun, ohun tó wí nìyẹn. Èmi tí mo fi òfin de Haúsá nílé mi látọjọ́ tí wọ́n ti bí i, tí mo máa ń lu tábìlì bí ẹyọ kan bá jáde nídìí oúnjẹ, kó má bàa gbàgbé ibi tó ti wá. Ìyàwó mi ń wò mí. Mo jókòó padà pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, mo sì bẹ̀rẹ̀. Mo fi Haúsá mi tó wọ́ sọ fún un nípa ewúrẹ́ aládùúgbò wa tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sọ fún un pé ọyẹ́ ti fẹ́ dé. Mo sọ ohun tí ọlọ́kadà sọ fún mi àti ohun tí mo fi dá a lóhùn. Mo ń ṣì í sọ, ó sì máa ń fi irú àṣìsọ bẹ́ẹ̀ ṣe mí yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ bí a bá jọ lọ sọ́jà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí kò rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ti dúró díẹ̀, á ní, "Sai me kuma?" Kí ló tún ṣẹlẹ̀?

Owó fóònù rẹ̀ tán láàárín ọ̀rọ̀. Mo sáré jáde lọ ra owó fóònù sínú tèmi, mo pè é padà. Kò kí mi. Ó ní, "Sai me kuma?"